Báwo Ni Ilé Ìjàpá Ṣe Yẹ Kó Tóbi Tó? Ìwọ̀n, Ìṣirò àti Ìmọ̀ràn fún Ìdílé Tó Fẹ́ Sìn Ín Lókè Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò. Òwe ni lẹ́nu tiwọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé lókè òkun, kì í ṣe òwe mọ́, ohun tí ojú ń rí ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ti gbọ́ ìtàn Ìjàpá àti Yánníbo aya rẹ̀ títí, ó ní òun náà fẹ́ ìjàpá. Bàbá ní ajá ò ṣeé sìn torí onílé ò gbà. Màmá ní ológbò máa ń gbọn irun sórí àga. Ìjàpá kì í gbó, kì í gbọn irun, kì í fò kiri, ó wá dà bí ẹni pé òun ló rọrùn jù. Wọ́n bá lọ ra èyí tí kò tóbi ju bisikíìtì kan lọ, pẹ̀lú táńkì gíláàsì kékeré tí ẹni tó tà á ní ó ti tó. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ìjàpá ò jẹun dáadáa mọ́, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ̀ tàbí kó rí gbágungbàgun, ó sì ń ti gíláàsì láti àárọ̀ títí di alẹ́. Owó dókítà ẹranko ò kéré. Nígbà míì ìjàpá á kú, ọmọ á sì máa sunkún nítorí ohun tí àgbà ì bá ti fi rúlà àti pẹ́ńsù yanjú kí wọ́n tó ra nǹkan kan.

Èmi kì í ṣe dókítà ẹranko, ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìjàpá, ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni kí n kó àwọn ìwọ̀n náà jọ sójú kan ní èdè wa, kí bàbá, ìyá àtọmọ lè jókòó kà á pọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé.

IRÚ ÌJÀPÁ WO LẸ FẸ́ SÌN?

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bí ilé á ṣe tóbi tó, kó kọ́kọ́ béèrè bí ìjàpá fúnra rẹ̀ á ṣe tóbi tó tó bá dàgbà. Gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lọ́mọdé. Ìgbà tí wọ́n bá dàgbà lẹ ó rí i pé ọ̀kan jẹ́ abọ́ ọbẹ̀, èkejì jẹ́ àga ìjókòó. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń tà nìyí:

Horsfield, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Russian. Àárín gbùngbùn Éṣíà ló ti wá. Bó bá dàgbà, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Abo máa ń tóbi ju akọ lọ. Ó fẹ́ràn kó máa gbẹ́lẹ̀ gan-an.

Hermann's. Gúúsù Yúróòpù ló ti wá. Òun náà máa ń wà láàárín 15 sí 20, àwọn kan sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀.

Spur-thighed, tí àwọn kan ń pè ní Greek. Àríwá Áfíríkà, gúúsù Spéènì àti agbègbè Tọ́kì ló ti wá. Ó lè tó 15 sí 25.

Leopard. Ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Sẹ̀ǹtímítà 40 kì í ṣe ohun ìyanu fún un, òmíràn sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sulcata. Òun ni ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní etí gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Senegal àti Mali títí dé Sudan. Òun ló tóbi ṣe ìkẹta nínú gbogbo ìjàpá orí ilẹ̀ lágbàáyé, lẹ́yìn ti Galápagos àti ti Aldabra. Igbá rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 80, akọ rẹ̀ sì lè wúwo ju kílò 45 lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí owó rẹ̀ kì í wọ́n, ojú rẹ̀ sì dára.

Ìjàpá inú igbó tilé wa ńkọ́? Èyí tí igbá rẹ̀ lè ṣẹ́ po lẹ́yìn láti pa ara rẹ̀ dé, tí àwọn òyìnbó ń pè ní hinge-back, wà nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan ilẹ̀ Yorùbá. Ibi tutù tó ní òjìji ló fẹ́. Inú igbó ni wọ́n ti sábà ń mú èyí tó wà lọ́jà, ara rẹ̀ kì í tètè gba ilé òyìnbó, iye rẹ̀ nínú igbó sì ti dín kù púpọ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ìjàpá kì í ṣe ẹran ọdún mẹ́ta. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo àádọ́ta ọdún kó tún kọjá. Ẹ ó rántí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, tó kú ní oṣù kẹwàá 2019. Ààfin ní ó ti lo ọdún 344; àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà pé ìjàpá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé inú ààfin ló ń gbé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ààfin sì ń tọ́jú rẹ̀. Àwa tó wà ní fúláàtì ò ní ààfin, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi di dandan fún wa.

Ẹ WỌN ÌJÀPÁ NÁÀ DÁADÁA

Ẹ má fi téèpù télọ̀ tẹ̀ lé gegele ẹ̀yìn rẹ̀, torí ìyẹn á fi kún ìwọ̀n. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ gbé ìwé ńlá kan dúró ṣánṣán níwájú igbá rẹ̀, ẹ gbé òmíràn dúró lẹ́yìn. Ẹ gbé ìjàpá kúrò, kí ẹ wá fi rúlà wọn àárín ìwé méjèèjì. Orí, ẹsẹ̀ àti ìrù ò sí nínú rẹ̀, igbá nìkan ni.

Ẹ fún ọmọ yín ní ìwé kan kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù: ọjọ́, gígùn igbá, ìwúwo. Iṣẹ́ tó dára fún ọmọ ni, dókítà ẹranko náà á sì fẹ́ rí ìwé yẹn bí ara ẹran náà ò bá yá lọ́jọ́ kan.

ÌṢIRÒ MẸ́JỌ ÀTI MẸ́RIN

Ní Jámánì, ìwé ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ fún ìjọba ní 1997 sọ pé gígùn ilé ìjàpá orí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po 8 gígùn igbá rẹ̀, ìbú ilé náà ò sì gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po 4. Ìṣirò tó rọrùn ni, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wò ó:

Igbá sẹ̀ǹtímítà 15: gígùn ilé 120, ìbú 60. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 0.72.
Igbá sẹ̀ǹtímítà 20: gígùn ilé 160, ìbú 80. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.28.
Igbá sẹ̀ǹtímítà 25: gígùn ilé 200, ìbú 100. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.
Igbá sẹ̀ǹtímítà 40: gígùn ilé 320, ìbú 160. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5.12.
Igbá sẹ̀ǹtímítà 70: gígùn ilé 560, ìbú 280. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 15.68.

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀. Igbá 40 jẹ́ ìlọ́po méjì igbá 20, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó nílò jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí ìjàpá bá fi ìlọ́po méjì dàgbà, ilé tó fi ìlọ́po méjì fẹ̀ á tó o. Rárá o. Gígùn ń pọ̀, ìbú náà ń pọ̀, àwọn méjèèjì ló ń bí ara wọn.

Ẹ tún wo ìlà tó gbẹ̀yìn. Yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, mítà onígun mẹ́rin 12 péré ni. Sulcata tó ti dàgbà nílò ju yàrá yẹn lọ, ìyẹn gan-an sì ni èyí tó kéré jù. Ẹni tó bá ń gbé fúláàtì ní Peckham tàbí ní Bronx, tó ra sulcata fún ọmọ rẹ̀, ó ti tọrùn bọ gbèsè tí kò mọ iye rẹ̀.

Ọmọ ìjàpá kékeré ńkọ́? Ìṣirò yìí máa ń bu ààyè tó kéré jù fún un. Igbá sẹ̀ǹtímítà 5 á fún yín ní 40 × 20, èyí tí kò tó gbé iná kan sí láìjẹ́ pé gbogbo ibẹ̀ gbóná janjan. Nítorí náà, ẹ fi 120 × 60 ṣe ìpìlẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2. Bó ti wù kí ìjàpá kéré tó, ẹ má lọ sísàlẹ̀ ìyẹn. Àwọn kan ní ọmọ ìjàpá á máa bẹ̀rù nínú ilé ńlá. Kì í ṣe fífẹ̀ ilé ló ń bà á lẹ́rù, àìsí ibi tó lè sá pamọ́ sí ni. Ẹ gbin koríko díẹ̀ síbẹ̀, ẹ da ìkòkò òdòdó amọ̀ kan dùbúlẹ̀ kó lè máa wọ inú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé èyí tó kéré jù lọ ni gbogbo ìwọ̀n tí mo kọ sókè yìí. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ kọ́ ni owó tí èèyàn ń gbàdúrà fún. Bí ẹ bá lágbára láti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

ẸRÙ Á GBA ILẸ̀ NÍNÚ RẸ̀

Àwa oníṣirò máa ń ya owó tó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó kù lẹ́yìn ìnáwó. Ilé ìjàpá náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ilé 120 × 60: gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 7,200. Ibi ìsápamọ́ 30 × 30 á gba 900. Abọ́ omi 20 × 20 á gba 400. Òkúta pẹlẹbẹ tí ẹ ń gbé oúnjẹ lé, 20 × 20, á gba 400 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,700. Èyí tó kù fún ìjàpá láti rìn jẹ́ 5,500. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ti lọ sórí ẹrù.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wo ilé tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má wo ìwọ̀n ara páálí nìkan. Ẹ béèrè pé mélòó ló máa kù lẹ́yìn tí ẹrù bá wọlé tán.

KÍ LÓ FÀ Á TÍ ÀÀYÈ FI ṢE PÀTÀKÌ TÓ BẸ́Ẹ̀?

Èèyàn lè rò pé ẹran tó ń rìn jẹ́jẹ́ ò nílò ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó, rírìn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: ó ń rìn lọ wá ewé, ó ń rìn lọ yáàrùn, ó ń rìn lọ sábẹ́ òjìji.

Ọ̀rọ̀ ooru ló ṣe pàtàkì jù. Ara ìjàpá ò lè fúnra rẹ̀ mú ooru jáde bíi tiwa. Bó bá fẹ́ kí ara òun gbóná, á lọ sínú oòrùn. Bó bá fẹ́ kó tutù, á kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìhà gbígbóná àti ìhà tútù. Fún Horsfield, Hermann's àti Spur-thighed, abẹ́ iná yẹ kó tó 32°C sí 35°C, kí ìhà kejì sì wà ní nǹkan bí 20°C. Nínú àpótí kékeré, kò sí ìhà kejì: bí iná bá tàn, gbogbo rẹ̀ á gbóná, bí ẹ bá pa á, gbogbo rẹ̀ á tutù. Ìjàpá ò ní ibi tó lè sá sí. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru sí ìhà méjèèjì, ní ìwọ̀n ibi tí ẹ̀yìn ìjàpá ń dé, kí ẹ má ṣe fojú díwọ̀n.

Yàtọ̀ sí iná tó ń mú ooru wá, ó tún nílò iná UVB fún nǹkan bí wákàtí 12 lóòjọ́. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni ara rẹ̀ fi ń rí fítámì D3, kí egungun àti igbá rẹ̀ lè le. Láìsí i, igbá á rọ̀, ẹsẹ̀ á sì wọ́. Ẹ má sọ pé ẹ ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, torí gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí UVB wọlé. Iná náà máa ń rẹ̀wẹ̀sì bó tilẹ̀ ṣì ń tàn, ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà lára páálí rẹ̀ nípa ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

TÁŃKÌ GÍLÁÀSÌ TÀBÍ ÀPÓTÍ PÁKÓ?

Táńkì gíláàsì tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 30, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 1,800. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìpìlẹ̀ tí a là sílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn kì í fẹ́ dáadáa nínú rẹ̀, ìjàpá ò sì mọ̀ pé gíláàsì wà níwájú òun. Ó ń rí òdìkejì, ó fẹ́ kọjá, kò lè kọjá. Ìdí tó fi ń fi orí àti ẹsẹ̀ ha á látàárọ̀ nìyẹn.

Àpótí pákó tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló dára jù fún àwọn ìjàpá Mẹditaréníà àti Horsfield. Káfíńtà lè kàn án, ẹ̀yin náà sì lè kàn án fúnra yín. Èyí tó dín owó kù jù ni wọ́dúróòbù àtijọ́: ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ dà á dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe odò kékeré inú ọgbà sí i kí omi má bàa ba pákó jẹ́. Wọ́dúróòbù tó ga ní mítà 1.8, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, ti kọjá ohun tí igbá 20 ń béèrè. Ẹ kàn rí i dájú pé kò sí ìṣó tàbí ẹ̀kún pákó tó yọrí síta, pé kì í ṣe pákó tí wọ́n kùn ní òróró tó ń rùn, àti pé ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára láti gbé yẹ̀pẹ̀.

GÍGA ÒGIRI ÀTI JÍJÌN YẸ̀PẸ̀

Ẹni tó bá sọ pé ìjàpá ò lè gun nǹkan, kò tíì sìn ín rí. Ó ń gùn, pàápàá ní igun, níbi tó ti lè fi ẹsẹ̀ ti ògiri méjì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣubú sẹ́yìn, tó dojú ikùn sókè sábẹ́ iná gbígbóná, ó lè kú kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kí ògiri ga ju yẹ̀pẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì gígùn igbá rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ kan pákó kékeré bo orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má gbé òkúta tàbí ìkòkò sún mọ́ ògiri, kó má fi ṣe àkàbà.

Yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ yẹ kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Horsfield. Yẹ̀pẹ̀ tí wọn ò fi ajílẹ̀ sí, tí ẹ pò mọ́ yanrìn tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ló dára. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ra pákó, ẹ fi jíjìn yẹ̀pẹ̀ kún gíga ògiri. Fún igbá 20: yẹ̀pẹ̀ 10, ògiri 40 lókè rẹ̀, àpapọ̀ 50.

ỌGBÀ ÌTA

Kò sí iná tó dà bí oòrùn. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá móoru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dára kí ìjàpá jáde. Bí ẹ bá ní ẹ̀yìn ilé, mítà 3 × mítà 2 jẹ́ ọgbà tó dára fún ìjàpá Mẹditaréníà kan. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ kíyè sí:

Àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹ ri bíríkì tàbí nẹ́ẹ̀tì onírin wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, torí gbígbẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà sá lọ. Ẹ má lo wáyà tó ń jẹ́ kó rí ìta. Pákó tàbí bíríkì ló dára.

Èkejì, ọ̀tá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti eku. Ní Amẹ́ríkà, raccoon. Níbi gbogbo, ajá aládùúgbò àti ẹyẹ ńlá tó lè gbé ọmọ ìjàpá. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí ọgbà ọmọ kékeré, kí ẹ sì gbé e wọlé lálẹ́.

Ẹ̀kẹta, òjìji àti ibi gbígbẹ. Ilé onígíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń gbin ewébẹ̀ máa ń wúlò lọ́jọ́ òtútù, ṣùgbọ́n kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní ṣíṣí nígbà oòrùn, kó má bàa di ààrò.

Ẹ̀kẹrin, òdòdó olóró. Daffodil, foxglove, rhododendron, yew àti oleander kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Dandelion àti koríko ni ẹ jẹ́ kó hù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas tàbí Florida, tẹ́ ẹ ní ilẹ̀ gbọọrọ, ẹ lè ro ti sulcata. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó ń gbẹ́ ihò tó lè gùn ju mítà 3 lọ láti fi sá fún oòrùn, ó sì lè gbẹ́ ẹ sábẹ́ ilé yín. Ògiri búlọ́ọ̀kù ló lè dá a dúró. Ó tún nílò ilé kékeré tó ní ẹ̀rọ amóoru nígbà òtútù, torí òun kì í sun oorun òtútù.

ṢÉ MÉJÌ Ò SÀN JU Ọ̀KAN LỌ?

Àwa Yorùbá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wà, àánú máa ń ṣe wá pé kò ní ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ìjàpá kì í ṣe ewúrẹ́, kì í wá ẹgbẹ́. Akọ méjì á máa jà, wọ́n á máa fi igbá gbá ara wọn. Akọ àti abo kan, akọ ò ní jẹ́ kó sinmi, á máa gé e lẹ́sẹ̀ jẹ. Nígbà míì ẹ ò ní rí ìjà kankan, ẹ kàn máa rí i pé ọ̀kan ń sanra, èkejì ń gbẹ, torí alágbára ti gba ibi oúnjẹ àti abẹ́ iná. Bí ẹ bá ti ní méjì, ilé méjì ni kí ẹ kọ́ fún wọn. Ẹ má sì da oríṣi méjì pọ̀, àìsàn tí kò ṣe ọ̀kan ní nǹkan kan lè pa èkejì.

ÌGBÀ KAN ṢOṢO TÍ ÀÀYÈ KÉKERÉ DÁRA

Horsfield, Hermann's àti ọ̀pọ̀ nínú Spur-thighed máa ń sùn nígbà òtútù. Ní àkókò yìí nìkan ni àpótí kékeré dára, èyí tí ìjàpá lè yíra padà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní rìn kiri tí agbára rẹ̀ á fi tán. Àpótí náà gbọ́dọ̀ ní ihò atẹ́gùn, ooru ibẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kọjá láàárín 3°C sí 7°C. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo fìríìjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń ṣí déédéé kí atẹ́gùn lè wọlé. Ìjàpá tí ara rẹ̀ ò yá kò gbọdọ̀ sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sùn. Sulcata, leopard àti hinge-back kì í sùn bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbé wọn sínú òtútù, ikú ló gbé wọn lọ bá.

OWÓ INÁ

Ilé ńlá ò túmọ̀ sí iná púpọ̀ dandan, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tẹ́ ẹ máa san. Gílóòbù 100 wáàtì tó ń tàn fún wákàtí 12 á jẹ yúníìtì 1.2 lójúmọ́. Lọ́dún kan, 438 yúníìtì nìyẹn. Iná UVB 24 wáàtì á fi nǹkan bí 105 kún un. Àpapọ̀ jẹ́ 543. Ẹ mú bíìlì iná yín, ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà lórí yúníìtì kan, ẹ fi ṣe ìlọ́po 543. Iye yẹn lẹ ó máa san lọ́dọọdún, láìtíì ka owó pákó, yẹ̀pẹ̀, gílóòbù tuntun àti dókítà. Bó bá wúwo jù, ó sàn kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á.

ÒFIN

Ní Bìrìtìkó, Hermann's àti Spur-thighed kò ṣeé tà láìní ìwé ẹ̀rí Article 10. Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ sì fi pamọ́. Horsfield ò nílò rẹ̀. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 ní England àti Wales ní dandan ni kí ẹni tó ń sin ẹran fún un ní ibùgbé tó yẹ ẹ́, kò sì gbà kí wọ́n ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Orúkọ àgbà ni ẹjọ́ wà, kì í ṣe ti ọmọ.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1975 ni òfin àpapọ̀ ti kọ̀ kí wọ́n máa ta ìjàpá tí igbá rẹ̀ ò tó ínǹṣì 4 fún sísìn nílé, nítorí kòkòrò salmonella tó ń ṣe àwọn ọmọdé léṣe. Ìjàpá ńlá náà lè ní kòkòrò yìí. Kí gbogbo ilé máa fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e, kí ẹ má sì fọ abọ́ rẹ̀ nínú síǹkì ìdáná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ìjàpá láti ilé wá sínú àpò ìrìnnà. Gbogbo ìjàpá orí ilẹ̀ ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES. Láìní ìwé àṣẹ, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ ó sì dáhùn ẹjọ́.

KÍ Ẹ TÓ RA Á, Ẹ DÁHÙN ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN YÌÍ

1. Kí ni orúkọ irú rẹ̀ gan-an, báwo ló sì ṣe máa gùn tó bó bá dàgbà?
2. Ẹ fi 8 àti 4 ṣe ìlọ́po gígùn yẹn. Ṣé ilẹ̀ náà wà nílé yín? Ẹ fi téèpù aláwọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè máa rìn yí i ká.
3. Ṣé onílé gbà? Bí ẹ bá kó lọ sí ilé tó kéré ńkọ́?
4. Dókítà wo ló mọ ìtọ́jú ìjàpá nítòsí yín? Kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.
5. Bí ọmọ bá lọ sí yunifásítì, ta ni á máa fún un lóúnjẹ?

Bí ẹ bá rí ìdáhùn sí márààrún, ẹ kọ́ ilé rẹ̀ parí, ẹ tan iná fún ọjọ́ mélòó kan kí ooru rẹ̀ fìdí múlẹ̀, kí ẹ tó lọ gbé àlejò yín wá. Bí ẹ ò bá sì rí i, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó tíì tó àkókò. Ó lè bínú díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìbínú ọ̀sẹ̀ kan sàn ju kó máa wo ẹran tó ń jìyà fún ọdún púpọ̀ lọ. Àwọn ilé ìtọ́jú ẹranko tún máa ń gba ìjàpá tí àwọn èèyàn ò lè tọ́jú mọ́. Ẹ lè gba àgbàlagbà kan níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì ní jẹ́ àròsọ fún yín, torí ẹ ó ti fojú rí i.